Ìwé Àdúrà Tó Gbé Archimedes Mì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé kéú nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé, ẹ ó rántí wàláà. Pákó pẹlẹbẹ ni. Wọ́n á fi tàdáwà kọ ẹsẹ Kùránì sí i, ọmọ á kà á títí yóò fi mọ̀ ọ́n lórí, lẹ́yìn náà wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n á tún kọ òmíràn sí i. Wàláà tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í mọ́ tán. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí òjìji àwọn lẹ́tà àná lábẹ́ ti òní.

Ìtàn wàláà kan ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, àmọ́ kì í ṣe pákó, ìwé ni. Awọ ẹran ni wọ́n fi ṣe é, ní Constantinople, ìlú tí gbogbo wa ń pè ní Istanbul báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fọ̀ ọ́, ní bíi 800 ọdún sẹ́yìn. Nínú ohun tí wọ́n fọ̀ kúrò yẹn, apá kan wà tí kò sí ẹ̀dà rẹ̀ kankan níbòmíràn lórí ilẹ̀ ayé. Bí wọ́n ṣe wá kà á padà ni ètò tòní dá lé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi gbàǹjo. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹwàá, ọdún 1998, ilé gbàǹjo Christie's ní New York gbé ìwé àdúrà kan sórí tábìlì. Kò tóbi rárá. Ó ti bu, ojú-ìwé rẹ̀ ti dúdú, àwọn ibòmíràn ti jẹ dànù. Tẹ́ ẹ bá rí i nílẹ̀ ní Yábàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹnì kan tí kò fẹ́ kí ayé mọ orúkọ òun san mílíọ̀nù 2 dọ́là lé e lórí. Kí gbàǹjo tó wáyé, ṣọ́ọ̀ṣì Ọ́tódọ́ọ̀sì ti àwọn Gíríìkì ní Jerúsálẹ́mù ti sáré lọ sí kóòtù, wọ́n ní ìwé àwọn ni, pé ńṣe ni wọ́n jí i. Kóòtù kò dá wọn láre. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí àwọn ère Benin ṣe dé London, inú yín lè máà dùn sí ìdájọ́ yẹn. Inú tèmi náà kò dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á kò gbé e pamọ́ sínú àpótí irin. Ní oṣù kìíní ọdún 1999, ó gbé e fún mùsíọ́mù Walters ní Baltimore, ó ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì kà á, òun yóò san owó iṣẹ́ náà.

Kí ló wà nínú rẹ̀ tó fi tó bẹ́ẹ̀? Archimedes ni.

Gbogbo wa la mọ orúkọ yẹn láti kíláàsì físíìsì, ọkùnrin tó fò sókè láti inú omi ìwẹ̀. (Ìtàn omi ìwẹ̀ yẹn, nínú gbogbo ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ tó kù sọ́wọ́ wa, kò síbẹ̀. Ẹlòmíràn ló sọ ọ́ nípa rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀.) Ọmọ ìlú Syracuse ni, ní erékùṣù Sicily. Ọdún 212 ṣáájú ìbí Jésù ni ọmọ ogun Róòmù kan pa á nígbà tí wọ́n kó ìlú náà. Lẹ́tà ló fi máa ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Alexandria, ní Íjíbítì. Èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti parẹ́ tipẹ́. Ohun tó jẹ́ ká ṣì máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ń dà á kọ: ìwé ń gbó, wọ́n ń dà á kọ sínú tuntun, láti ọwọ́ dé ọwọ́, fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Nígbà tó fi máa di bíi ọdún 950 sí 1000 lẹ́yìn ìbí Jésù, akọ̀wé kan ní Constantinople jókòó, ó da iṣẹ́ Archimedes méje kọ sórí awọ, pẹ̀lú àwọn àwòrán ìṣirò rẹ̀. Ìwé tá a ń sọ nìyẹn.

Lọ́dún 1204, àwọn ọmọ ogun Kristẹni láti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, tí wọ́n ní Jerúsálẹ́mù làwọn ń lọ, yà sí Constantinople, wọ́n kó o bí ẹni kó ọjà. Wọ́n sun ilé, wọ́n tú ilé ìkàwé ká. Lẹ́yìn ọdún 25, nínú oṣù kẹrin ọdún 1229, ìwé Archimedes wà lọ́wọ́ àlùfáà kan tó fẹ́ kọ ìwé àdúrà. Awọ tí wọ́n fi ń kọ̀wé wọ́n gan-an. Ìwé kan ṣoṣo lè gba agbo ẹran. Àlùfáà yìí wá ṣe ohun tí ẹni tí kò lówó awọ tuntun máa ń ṣe nígbà náà. Ó tú ìwé náà, ó fọ yíǹkì rẹ̀ kúrò, ó fi nǹkan ha á. Ó wá yí awọ kọ̀ọ̀kan sí ìbú, ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ojú-ìwé ńlá kan sì di ojú-ìwé kékeré méjì. Ìdí nìyẹn tí àdúrà fi wà ní òòró, tí Archimedes sì wà ní ìbú lábẹ́ rẹ̀, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń gba àárín ìwé kọjá lọ sódìkejì. Archimedes kò tó o lò. Ó tún kó awọ láti inú àwọn ìwé mìíràn mọ́ ọn.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń bú àlùfáà yìí nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ dúró ná. Láyé ìgbà yẹn, ìwé Archimedes ńlá méjì mìíràn wà lédè Gíríìkì tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀. Ọ̀kan, ọdún 1311 ni a gbọ́ nípa rẹ̀ kẹ́yìn. Ìkejì wà títí di nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, òun náà sì wọgbó. Ẹnikẹ́ni kò tún rí wọn mọ́. Èyí tí wọ́n fọ̀ nìkan ló kù, ìdí rẹ̀ sì ni pé ó ti di ìwé àdúrà. Wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́ nínú ilé àwọn mọ́ńkì ní Mar Saba, nítòsí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣé ẹ rò pé wọ́n á tọ́jú ìwé ìṣirò tí ẹnì kankan nínú wọn kò lè kà fún iye ọdún yẹn? Lójú tèmi, àlùfáà yẹn ló gba Archimedes là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní in lọ́kàn.

Nígbà tó yá, ìwé náà padà sí Constantinople, sí ibùdó tí ṣọ́ọ̀ṣì Jerúsálẹ́mù ní níbẹ̀. Láàárín ọdún 1840 sí 1850, Constantin Tischendorf, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, dé ibẹ̀. Ó rí ìṣirò lábẹ́ àdúrà, ó sì mú ojú-ìwé kan lọ. Ojú-ìwé yẹn wà ní yunifásítì Cambridge títí di òní. Lọ́dún 1906 ni Johan Ludvig Heiberg, ọmọ ilẹ̀ Denmark, wá wò ó. Kò sí ẹlòmíràn láyé nígbà náà tó mọ Archimedes tó o. Ó wo ìlà díẹ̀, ó mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ya fọ́tò àwọn ojú-ìwé náà, ó fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá tẹ̀ lé lẹ́tà lẹ́yọ lẹ́yọ, ó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ibi tí kò bá hàn, á fò ó. Ìwé ìròyìn New York Times gbé e sójú-ìwé àkọ́kọ́ lọ́dún 1907.

Ohun tó mú orí gbogbo wọn wú ni iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní The Method lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sí níbòmíràn rárá. Lẹ́tà ni, sí Eratosthenes, ẹni tó jẹ́ olórí ilé ìkàwé Alexandria. Nínú rẹ̀ ni Archimedes ti tú àṣírí ara rẹ̀. Nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ yòókù, ẹ̀rí ìṣirò nìkan lẹ máa rí. Ẹ ò ní mọ bó ṣe débẹ̀. Níbí, ó sọ ọ́. Ẹ ronú kan búrẹ́dì Agége tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́. Archimedes máa ń fọkàn gé nǹkan roboto bẹ́ẹ̀, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, á wá fọkàn gbé ẹyọ kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n, á fi nǹkan mìíràn tó ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ sódìkejì, títí wọ́n á fi dọ́gba. Láti ibẹ̀ ni yóò ti mọ bí nǹkan roboto náà ṣe tóbi tó. Ó lé ní 1,800 ọdún lẹ́yìn náà kí Newton àti Leibniz tó gbé ohun tó jọ ọ́ kalẹ̀, èyí tí ẹ̀yin ọmọ sáyẹ́ǹsì mọ̀ sí calculus. Archimedes sì sọ fún Eratosthenes pé òun ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn mìíràn, àwọn tó wà láyé àti àwọn tí a kò tíì bí, lè fi ọ̀nà náà rí ohun tí òun kò rí. Àwọn tí wọn kò tíì bí yẹn ò rí i gbà títí di ọdún 1906.

Ìgbà tí ayé ti mọ ohun tó wà nínú ìwé yìí tán ni wọ́n tó wá bà á jẹ́ ní ti gidi.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, nínú rògbòdìyàn tó bá ìlú náà, ìwé kúrò ní Constantinople, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ẹbí kan ní Paris. Nígbà tó fi máa tún jáde fún gbàǹjo, ojú-ìwé mẹ́ta tí Heiberg rí ti sọnù. Ìwé tó mọ́ nínú fọ́tò ọdún 1906 ti bu káàkiri; kòkòrò àìfojúrí inú bíbu náà ń jẹ awọ, ó sì ti lu ihò sí àwọn ibì kan nínú ọ̀rọ̀ Archimedes. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹnì kan ti ya àwòrán sí ojú-ìwé mẹ́rin. Àwòrán Mátíù, Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù, pẹ̀lú wúrà lẹ́yìn wọn, kí ìwé náà lè jọ ohun àtijọ́ olówó iyebíye. Ayédèrú ni. Inú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Paris lọ́dún 1929 ni wọ́n ti da àwòrán náà kọ. Kẹ́míkà ló tú àṣírí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọ̀ ewé inú àwòrán náà wò, wọ́n bá oríṣi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ phthalocyanine níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún 1938 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Jámánì. Èèyàn wo ló ń fi kíkùn ọdún 1938 ya àwòrán ayé àtijọ́? Ó fẹ́ kí ìwé àdúrà náà gbowó lórí, ó wá fi kíkùn àti wúrà bo ohun tó níye lórí jù lọ nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àlùfáà ọdún 1229 kò ní fọ́tò Heiberg níwájú. Ẹni yìí ní in.

Ní Baltimore, Abigail Quandt, ẹni tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní mùsíọ́mù náà, ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n tó lè ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u, torí pé ìlà Archimedes ń gba àárín kọjá, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sì wà ní kọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti rán ìwé pọ̀. Ẹ gbà á gbọ́: ọdún mẹ́rin ni títú yẹn gbà. Awọ náà kọ́ ló fa ìṣòro. Gọ́ọ̀mù ni. Ẹnì kan, láyé òde òní, ti da gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn kápẹ́ńtà fi ń lẹ pákó sí ẹ̀yìn ìwé náà, gọ́ọ̀mù tí omi kò lè tú tó bá ti gbẹ. Quandt ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, awọ tó kéré bí èékánná sì ń já bọ́, ó ń kó wọn pamọ́, torí lẹ́tà kan lè wà lára rẹ̀. Òfin àwọn onítọ̀ọ́jú ìwé ni pé ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ṣe sí ìwé àtijọ́, ẹ ṣe é ní ọ̀nà tí ẹlòmíràn á fi lè tú u lọ́la. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé ẹ̀rí bàbá àgbà yín, tẹ́ ẹ sì ń gbé e lọ fún ẹni tó ń ṣe lamination lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Sẹ́lótéèpù á di ràkọ̀ràkọ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sì wọnú ìwé lọ. Ike tí wọ́n fi iná lẹ̀ mọ́ ọn kò ṣe é bó. Ẹ kàn tẹ́ ẹ sínú fáìlì tó mọ́, níbi tí oòrùn àti omi kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ojú-ìwé bá ti dá dúró, ó kan àwọn onímọ́lẹ̀. Roger Easton, Keith Knox àti William Christens-Barry ni wọ́n, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó mọ̀ nípa fọ́tò. Ẹ ti rí i ní báńkì, wọ́n á fi owó sábẹ́ iná búlúù kan, ibì kan lára rẹ̀ á sì máa tàn. Ultraviolet nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kì í rí. Awọ ẹran náà máa ń tàn lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí yíǹkì bá ti wà, ì báà jẹ́ yíǹkì tí wọ́n ti fọ̀, kì í tàn. Tẹ́ ẹ bá wo ìwé yìí lábẹ́ ultraviolet, àdúrà á dúdú, Archimedes náà á dúdú, méjèèjì á sì lọ́ mọ́ra wọn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tan ìmọ́lẹ̀ pupa sí i, Archimedes á pòórá pátápátá, torí pé ohun tó kù nínú yíǹkì rẹ̀ ti pupa rúsúrúsú. Àdúrà nìkan lẹ máa rí. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ya fọ́tò méjèèjì, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà tò ó léra. Ohun tó dúdú nínú fọ́tò méjèèjì, ìyẹn àdúrà, yóò dúdú. Ohun tó hàn nínú ọ̀kan tí kò hàn nínú èkejì, ìyẹn Archimedes, yóò pupa. Ojú á wá lè tẹ̀ lé ìlà pupa láìka dúdú sí. Kò sí idán níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fi àlẹ̀mọ́ àwọ̀ sórí fọ́tò lórí fóònù rẹ̀ rí á mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni mímọ irú ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kéèyàn lò.

Ìmọ́lẹ̀ kò lè la wúrà kọjá ṣá. Ojú-ìwé tí wọ́n ya ayédèrú sí, àti èyí tó ti dúdú jù, ṣì wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni Uwe Bergmann ti wọ̀ ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ físíìsì ní Stanford, ní California, níbi tí ẹ̀rọ ńlá kan wà tó ń lé electron yípo bíríbírí, kíákíá bí ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń yí ìkòkò ọ̀nà náà, wọ́n máa ń ju X-ray tó lágbára gan-an jáde. Bergmann ka ìwé ìròyìn kan lọ́dún 2003 pé irin wà nínú yíǹkì Archimedes. Òótọ́ sì ni: kókó tí kòkòrò kan máa ń mú wú lára igi oak ni wọ́n ń rẹ, wọ́n á da iyọ̀ irin sí i, á dúdú. Ó ní, irin kẹ̀? Iṣẹ́ mi nìyẹn.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ dúró láàárín èrò Ọjà-Ọba, ẹ pariwo "Ṣẹ́gun!" Ẹgbẹ̀rún èèyàn wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń jẹ́ Ṣẹ́gun nìkan ló máa dáhùn. Tí X-ray bá kan irin, irin á dá X-ray tirẹ̀ padà, tí kò jọ ti wúrà, tí kò jọ ti awọ. Ẹ̀rọ náà ń lọ lórí ojú-ìwé tín-ín-tín, ibi tí irin bá ti dáhùn, kọ̀ǹpútà á fi àmì síbẹ̀. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ojú-ìwé náà lọ sí Stanford, ọ̀rọ̀ Archimedes sì ń yọ láti abẹ́ wúrà ayédèrú. Àmọ́ kò rọrùn kà. Yíǹkì àdúrà náà ní irin, X-ray sì ń rí iwájú àti ẹ̀yìn awọ papọ̀, ọ̀wọ́ lẹ́tà mẹ́rin ló ń bọ̀ sójú kan. Ẹ̀rọ kò lè ka Gíríìkì. Reviel Netz ní Stanford, Nigel Wilson ní Oxford, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ló jókòó tì í.

Kí ni wọ́n wá rí? Ní ọdún 2001, Netz àti Ken Saito, ọmọ ilẹ̀ Japan, ń wo ibì kan nínú The Method tí Heiberg kò rí kà. Gbogbo ìwé ìtàn ìṣirò ti sọ pé àwọn Gíríìkì ìgbàanì máa ń sá fún àìlópin, pé wọn kì í fi ṣe ìṣirò. Níbẹ̀ gan-an ni Archimedes ti mú ọ̀wọ́ nǹkan méjì tí kò lópin, tó ní iye wọn dọ́gba. Wọ́n tún ka ojú-ìwé tó kù nínú Stomachion. Ayò ọmọdé ni Stomachion, wẹ́wẹ́ 14 téèyàn ń tò pọ̀ kó di igun mẹ́rin. Èrò Netz ni pé ìbéèrè Archimedes ni: ọ̀nà mélòó la lè gbà tò ó? Kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2003. Ọ̀nà 17,152 ni.

Àwọn awọ tí àlùfáà kó láti inú ìwé mìíràn ńkọ́? Mẹ́wàá nínú wọn jẹ́ ti Hyperides, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ṣẹjọ́ ní Athens ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ méjì tí ẹnikẹ́ni láyé òde òní kò tíì kà rí ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan dá lórí ọkùnrin kan tí wọ́n ní kó máa ṣe alágbàtọ́ àwọn ọmọ òrukàn, tí wọ́n wá fẹ̀sùn kàn án pé ó ń jẹ ogún wọn. Ẹjọ́ tó ti tó ọdún 2,300, ẹ ó sì rò pé àdúgbò yín ni.

Ìmọ̀ yìí kò dúró sí Baltimore. Lára àwọn tó ya fọ́tò Archimedes ló tún ṣiṣẹ́ lórí ìwé ìrántí David Livingstone, òyìnbó tó rin Áfíríkà já. Lọ́dún 1871, ní Nyangwe, tó wà ní Congo lónìí, ìwé tán lọ́wọ́ rẹ̀, yíǹkì náà tán. Ó wá ń fi omi èso kọ̀wé ní ìbú sórí ìwé ìròyìn àtijọ́. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn oníṣòwò ẹrú tí wọ́n yìnbọn lu àwọn ará ọjà, àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn sì kú. Omi èso náà ṣá títí tí kò fi ṣe é kà mọ́. Ohun tí ayé mọ̀ ni èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí wọ́n ti tún ṣe. Nígbà tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ oríṣiríṣi ya á, tí wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2011, àwọn ọ̀rọ̀ kan yọjú nípa ìwà àwọn ọkùnrin tó ń bá Livingstone fúnra rẹ̀ rìn, tí kò hàn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé títẹ̀. Ìròyìn ikú àwọn obìnrin ọjà Nyangwe nìyẹn, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó kan kù. Ẹni tó san mílíọ̀nù 2 dọ́là, tó tún san owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, lè ti àwọn fọ́tò yẹn mọ́lé kó máa gba owó lórí wọn. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ńlá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹwàá, ọdún 2008, tó pé ọdún mẹ́wàá gééré sí ọjọ́ gbàǹjo, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́: fọ́tò ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, abẹ́ ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí wọ́n kà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè mú un lò, kó ṣáà sọ ibi tó ti rí i. Ẹ fara balẹ̀ o, àwọn fáìlì náà tóbi, ẹ má fi data alẹ́ ọjọ́ Àìkú yín tán síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wá ojú-ìwé àkọ́kọ́. Òun ló dúdú jù, ó ti ṣá, ó ti ha, ojú lásán kò rí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n gbé e sábẹ́ X-ray ní Stanford. Kì í ṣe Archimedes ló jáde níbẹ̀. Àlùfáà tó fọ ìwé náà ló fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣọdún Àjíǹde. Ioannes Myronas ni orúkọ rẹ̀.